Òróró Mummy Ìrètí Lórí Ọkọ̀ Apẹja

Láti ọjọ́ tí Ìrètíolúwa ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti ríṣẹ́ ni oorun ti dá lójú obìnrin náà. Ẹni tó bá mọ Rosaline, ìyàwó Clement, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí gba àlàyé. Ṣebí òun ló gbààwẹ̀ títí nítorí kí ọmọ yìí lè ríṣẹ́? Ṣebí òun ló ń tì í jáde síwájú pẹpẹ ní gbogbo ìgbà tí pásítọ̀ bá ti ní kí àwọn tó ń wáṣẹ́ bọ́ síta, títí ọmọ náà fi ń fara pamọ́ sẹ́yìn òpó nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Iṣẹ́ wá dé tán, ìyá dìde, ó ní kì í ṣe èyí lòun béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run.

“Orí òkun?” ó ní. “Òkun tó lómi nínú yẹn?”

“Mummy, òkun wo ni ò lómi nínú?”

“Má dá mi lóhùn!”

Iṣẹ́ náà ni iṣẹ́ ọkọ̀ apẹja, irú ọkọ̀ onírin ńlá tó máa ń gbéra ní èbúté Kirikírì, tó máa ń wọ́ àwọ̀n kiri lórí òkun fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó padà wálé pẹ̀lú ẹja àti edé. Yunifásítì ni Ìrètíolúwa ti kọ́ nípa ẹja, ó sì gboyè jáde. Láti ìgbà tó ti gboyè ló ti ń jókòó sórí àga gígùn inú pálọ̀ wọn ní Festac, ojú kan náà, tó fi di pé ibẹ̀ ti jin bíi kòtò. Nígbà tí wọ́n pè é pé kó wá máa bá wọn fa àwọ̀n, kó máa ṣa edé, kò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Ó kàn fò sókè ni.

Rosaline fúnra rẹ̀ ò mọ òkun rí. Ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, fáìlì ni ẹja tòun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dé etí òkun, nígbà tí àwọn obìnrin ìjọ lọ ṣe àjọ̀dún ní Badagry. Omi kàn án lọ́rùn ẹsẹ̀, ó fi bàtà kan sílẹ̀, ó sì sá. Títí di òní, tí ọ̀rọ̀ òkun bá délẹ̀, a máa ní òkun ti ja òun lólè rí.

Ó gbé fóònù, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí ọmọ òun ń lọ. Àwọn ọkọ̀ apẹja ìlú òyìnbó ni fóònù ń gbé jáde fún un ṣáá: ìgbì tó ga ju ilé alájà tí wọ́n ń gbé lọ, yìnyín lórí okùn, àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n tí eyín wọn ń gbá ara wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba Mazamaza lọ, ó ra kádígànì tó nípọn àti fìlà onírun tó bo etí. Clement ọkọ rẹ̀ wò wọ́n títí.

“Rosaline, ẹ̀yìn Badagry níbí ni wọ́n ń lọ o. Oòrùn ló máa pa ọmọ yẹn, kì í ṣe òtútù.”

“Ẹ ṣé o, Daddy Ìrètí,” ó ní. “Oòrùn náà ti wọ inú àdúrà wa nìyẹn.”

Ẹni tó wá da epo síná ni Sister Ẹ̀bùnlọlá. Ẹja dídì ni Ẹ̀bùnlọlá ń tà ní Mazamaza, ọwọ́ àwọn ọkọ̀ Kirikírì ló ti ń rà á, bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ abẹnugan nínú ẹgbẹ́ aládùúrà ìjọ wọn. Rosaline pè é pé kó wá tu òun nínú. Àṣìṣe gbáà! Ẹ̀bùnlọlá mọ ìtàn sọ, ṣùgbọ́n ìtùnú kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

“Mummy, ẹ má bẹ̀rù rárá,” ló fi bẹ̀rẹ̀. “Ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ pa wọ́n. Okùn ni.”

“Okùn kẹ̀?”

“Okùn tí wọ́n fi ń fa àwọ̀n. Irin ni wọ́n fi ṣe é, ẹ̀rọ ló sì ń fà á. Tó bá ká mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ yẹn ti lọ nìyẹn. Bọ̀dá kan wà tí mo máa ń ra ẹja lọ́wọ́ ẹ̀...” Ó ká ìka ọwọ́ rẹ̀ kò, ó fi àwọn tó ṣẹ́ kù sí bọ̀dá náà lọ́wọ́ hàn án. “Àmọ́ ó ṣì máa ń rẹ́rìn-ín sí mi o. Èèyàn dáadáa ni.”

Rosaline wá àga, ó jókòó.

“Okùn gan-an sàn, èèyàn lè ṣọ́ra fún un. Àwọn olè orí omi ńkọ́? Speedboat ni wọ́n máa gbé wá. Wọ́n á kó fóònù, wọ́n á kó ìrẹsì, wọ́n á tú bátìrì ẹ́ńjìnnì lọ, wọ́n á wá fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó máa léfòó kiri.”

“Jésù!”

“Ìyẹn náà sàn, Mummy. Ẹni tó lọ tọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ló ń dùn mí. Ẹsẹ̀ á yọ̀, ó parí. Ariwo ẹ́ńjìnnì ò ní jẹ́ kẹ́ni kẹ́ni gbọ́. Ìgbà tí wọ́n bá bu oúnjẹ, tí abọ́ kan ò ní olúwa ẹ̀, ni wọ́n tó máa mọ̀.”

Ọ̀rọ̀ abọ́ yìí ló wọ Rosaline lára jù. Ìgbì ga jù, kò lè fojú inú wò ó dáadáa. Olè, ó ti rí olè rí. Ṣùgbọ́n abọ́ oúnjẹ tó ń tutù, tí olóúnjẹ ò sì wá, èyí yé e ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé òun ló ti ń bu oúnjẹ fún ọmọ yìí láti ọjọ́ tó ti ń rákò. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

“Ẹ dákẹ́, Mummy,” Ẹ̀bùnlọlá ní, àyà rẹ̀ sì le bí ológun. “Ọkọ̀ yẹn la máa lọ ta òróró sí lára. A máa yà á sí mímọ́ pátápátá. Tá a bá ṣe tán, èwo ni olè? Èwo ni okùn?”

Ìgò òróró àdúrà tí pásítọ̀ yà sí mímọ́ fún Rosaline ò ga ju àtàǹpàkò lọ. Ọkọ̀ onírin ńláǹlà, ìgò tóńtó, báwo ló ṣe máa káárí? Rosaline rò ó, ó tún un rò, ó sì bá ọ̀nà àbáyọ pàdé nínú kíṣìnnì ara rẹ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì òróró tí wọ́n fi ń dáná, ó da òróró àdúrà sínú rẹ̀, ó dé e, ó gbọ̀n ọ́n dáadáa. Ó ní agbára kì í dín kù. Clement bá a lẹ́nu ẹ̀.

“Ṣé àkàrà lẹ fẹ́ lọ dín fún wọn ni?”

Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kọjá.

Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ máa lọ, Ìrètíolúwa ti jáde nílé láti àárọ̀ kùtù. Ìyá rẹ̀ gbàdúrà lé e lórí, kò sunkún, kò di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó yẹ kí ìyẹn ti fu ọmọ náà lára. Kò pẹ́ tó lọ tí àwọn obìnrin méjèèjì náà wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, kẹ́ẹ̀gì láàárín wọn, ó di Kirikírì. Ní ẹnu géètì, Ẹ̀bùnlọlá ní àwọn wá wo ẹja. Ọlọ́dẹ tó mọ̀ ọ́n dáadáa béèrè pé kí ni tinú kẹ́ẹ̀gì. Ó ní òróró ni. Òótọ́ kúkú ni.

Ọkọ̀ náà ò jọ ti inú fóònù rárá. Ó ti dípẹtà láti imú dé ìdí, ó ń rùn bí edé ijọ́sí, àwọ̀n sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí òkè. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ti lọ kó yìnyín ní ìkangun èbúté, kò sí ẹnì kan lórí rẹ̀. Rosaline gba orí pákó gòkè, ó di ìborùn mọ́rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Wọn ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un o. Wọ́n ta á sí irin etí ọkọ̀ yíká. Wọ́n ta á sí àkàbà. Nítorí ohun tí Ẹ̀bùnlọlá sọ nípa okùn, gbogbo okùn tí wọ́n rí ni wọ́n fi ọwọ́ fi òróró pa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń para fún ìkókó. Nítorí ti ẹni tó ń lọ tọ̀, wọ́n da èyí tó pọ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìyókù, Rosaline gbé kẹ́ẹ̀gì sókè, ó sì ń dà á sílẹ̀ bó ti ń rìn yí ilẹ̀ onírin náà po, ó ń fi orin gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó wo gbogbo rẹ̀ bó ti ń dán nínú oòrùn, inú rẹ̀ sì dùn.

Bọ̀dá Ernest, ẹni tó ń darí àwọn tó ń fa àwọ̀n, ló kọ́kọ́ dé. Apẹ̀rẹ̀ yìnyín wà léjìká rẹ̀. Bó ṣe fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀ báyìí, ó lọ. Kò ṣubú o, ó kàn ń lọ ni, ní ìdúró, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ léjìká, ojú rẹ̀ sì le bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Ó gba iwájú àwọn obìnrin méjèèjì kọjá.

“Ẹ káàsán, mà,” ó ní.

Ìgbà tó kan ògiri kíṣìnnì ọkọ̀ ló tó wó lulẹ̀, yìnyín fọ́n káàkiri. Dammy, alásè ọkọ̀, sáré gòkè wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀, òun náà gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ṣíbí ìrokà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Kápútéènì Olúgbóyèga dé, ọkùnrin gbọ̀ǹgbọ̀nràn kan tó ti dàgbà sórí omi, tí ohùn rẹ̀ máa ń dé etí èbúté kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ó ń pariwo bọ̀ pé, “Ta ni wọ́n ní ó wà lórí ọkọ̀ mi?” Kò parí ọ̀rọ̀. Ìdí ló fi gba orí ilẹ̀ kọjá, ó sì pàdé Ernest tó ń gbìyànjú àtidìde.

Mi ò ní parọ́, Ẹ̀bùnlọlá rẹ́rìn-ín.

Ìrètíolúwa ló gbẹ̀yìn. Ó ti gbọ́ orin ìyá rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó máà jẹ́ òun. Ó sáré gòkè pẹ̀lú bàtà rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. “Mummy! Kí lẹ wá ṣe níbí?” Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó na ọwọ́ mú irin etí ọkọ̀, irin tí ìyá rẹ̀ ti fi òróró pa dáadáa, ọwọ́ náà yọ̀, ó sì fi orí lọ sínú omi.

Ẹ̀rín dá.

Bàtà náà gba omi kún, ó ń fà á lọ sísàlẹ̀. Rosaline rí orí ọmọ rẹ̀, ó rí ọwọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà kò rí nǹkan kan mọ́, àfi omi dúdú tó kún fún epo ẹ́ńjìnnì. Ó figbe ta. Ernest rá dé etí ọkọ̀, ó ju bọ́ọ̀lù ńlá kan tí wọ́n máa ń so mọ́ àwọ̀n sínú omi, okùn sì wà nídìí rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ náà jáde, ó dì í mú. Wọ́n fà á, okùn yọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tún fà á, ó tún yọ̀. Òróró wà lára okùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Rosaline wá já ìborùn orí rẹ̀, ó wé e mọ́ okùn, ó sì fi gbogbo ara fà á pẹ̀lú wọn, ó ń ké, “Má jù ú sílẹ̀! Ìrètí, má jù ú sílẹ̀!” Báyìí ni wọ́n ṣe fa ọmọ náà gòkè, ó ń húkọ́, ó ń bì, ẹsẹ̀ bàtà kan ti lọ.

Rosaline gbá a mọ́ra. Ó mọ ẹni tó tì í sómi. Kì í ṣe ìgbì, kì í ṣe olè. Òun tó gbé kẹ́ẹ̀gì láti Festac wá ni. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á.

“Mo fẹ́ pa á,” ó ń wí. “Ọwọ́ mi ni mo fẹ́ fi pa á.”

“Ẹ fẹ́ pa gbogbo wa ni, Madam!” Kápútéènì kígbe láti ibi tó jókòó sí, nítorí kò tíì lè dìde. “Mo ti rìn lórí òkun látìgbà èwe mi, ìjì ò gbé mi ṣubú rí. Èbúté! Èbúté ni wọ́n ti wá gbé mi ṣubú!”

Rosaline kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó bẹ Ernest, ó bẹ Dammy alásè pẹ̀lú. Kápútéènì ní ẹ̀bẹ̀ kì í fọ ọkọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fún wọn, nítorí tí omi bá fà tán, ọkọ̀ òun ò ní lè jáde lónìí mọ́. Ni abẹnugan ẹgbẹ́ aládùúrà àti ẹni tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá kúnlẹ̀ ti búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń fọ ilẹ̀. Ọṣẹ pò mọ́ òróró, ibẹ̀ wá yọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibi tí Rosaline ti ń fọ̀ ọ́ ni nǹkan kan ti wá sí i lọ́kàn. Ó dúró.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá Ernest,” ó ní, “ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn yẹn, èyí tí wọ́n máa ń wọ̀ nínú fóònù, tó máa ń múni léfòó. Ẹ ò ní in ni?”

“Life jacket? A ní in, mà. Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Kápútéènì.”

“Kí ló dé tẹ́ ò jù ú sí ọmọ mi?”

“Wọ́n tì í pa, mà.”

Rosaline gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. “Wọ́n tì í pa?”

“Madam,” Kápútéènì ní, “àwọn tó máa ń wá yẹ ọkọ̀ wò la rà á fún. Àwọn yẹn fẹ́ rí i tó mọ́. Tá a bá wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ẹja á bà á jẹ́. Ta ló máa fọ̀ ọ́?”

“Tẹ́nì kan bá ṣubú sómi lọ́hùn-ún ńkọ́?”

“Mo ní kọ́kọ́rọ́ o.”

“Níbo ni kọ́kọ́rọ́ yẹn wà?”

Kápútéènì fọwọ́ kan àpò òsì, ó kan àpò ọ̀tún, ó wo òkè. “Ó wà nílé,” ó ní. “Àbí inú mọ́tò mi lọ́hùn-ún. Mo máa rí i.”

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì bá òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ̀yìn tì sọ̀rọ̀ rí lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Rosaline lójú ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ̀rù tó ń bà á láti ọjọ́ yìí ti rí ibi tó máa forí lé. Kò rí òkun bá jà, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ti kọ́bọ́ọ̀dù pa, ó mọ̀ ọ́n. Irú rẹ̀ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ bá jà. Ó ká ìró rẹ̀ nílẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ ọkọ̀ nínú ọṣẹ àti òróró, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

“Mi ò sọ̀ kalẹ̀,” ó ní. “Ọkọ̀ yìí ò ní kúrò níbí títí màá fi rí life jacket lọ́rùn gbogbo wọn. Sister Ẹ̀bùn, wá jókòó.”

Ẹ̀bùnlọlá jókòó, ó sì gbé orin.

“Ẹ gbé wọn sọ̀ kalẹ̀!” Kápútéènì ní. Ta ló fẹ́ gbé ìyá oníyàá? Ernest àti Dammy ń wo ara wọn. Nígbà tó tún pariwo, Dammy di apá Rosaline mú, apá yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ernest ní “Ẹ jọ̀ọ́, mà,” ó sì fi ìtìjú di ìgbọ̀nwọ́ kejì mú, ìyẹn náà yọ̀. Wọ́n wá gbìyànjú láti ti ìyá náà díẹ̀díẹ̀ lọ síbi pákó, ó yọ̀ kọjá pákó, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yàrá tí Kápútéènì ti ń tukọ̀. Kò tilẹ̀ ká ẹsẹ̀ kò.

“Ó ṣeun,” ó ní. “Ibí yìí dára ju tọ̀hún lọ.”

Kápútéènì bẹ̀ ẹ́, ó halẹ̀ mọ́ ọn, ó sì tún padà bẹ̀ ẹ́. Omi ń fà. Ó yíjú sí Ìrètíolúwa tó jókòó sí kọ̀rọ̀ nínú aṣọ ìnura Dammy. “Ìwọ, bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀.”

“Ọ̀gá,” ọmọ náà ní, “láti kékeré ni mo ti ń bá wọn sọ̀rọ̀.”

Nígbà tó yá, kọ́kọ́rọ́ tó wà nílé jáde láti inú ìbọ̀sẹ̀ Kápútéènì. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀wù amúniléfòó tò síbẹ̀ rẹrẹ, wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá, wọ́n mọ́ tónítóní bí ọjọ́ tí wọ́n rà wọ́n. Gbogbo òṣìṣẹ́ ọkọ̀ péjọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní yóò máa ha àwọn lápá, àwọn kan ní àwọn jọ ọmọ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi.

Rosaline dìde, ó di irin mú, ó lọ bá ọmọ rẹ̀. Ó rí i pé ètè rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Kì í ṣe òtútù, oòrùn ń ran. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Jẹ́ ká máa lọ sílé, Ìrètí. Kò sẹ́ni tó máa fi ọ́ ṣẹ̀sín. Èmi ni mo bà á jẹ́, èmi ni màá sọ fún gbogbo èèyàn.”

Ọmọ náà wo omi, ó wo ìyá rẹ̀.

“Mummy, mi ò lè lúwẹ̀ẹ́,” ó ní jẹ́ẹ́. “Wọ́n bi mí ní interview, mo ní mo lè ṣe é.”

Jẹ́ẹ́ tó sọ ọ́ yìí, Ernest gbọ́. Ó wúkọ́. “Èmi náà ò lè ṣe é o,” ó ní.

“Ẹ̀yin, Bọ̀dá Ernest?” Dammy ní. “Ẹ̀yin lèmi gbójú lé pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ máa gbé mi!”

Ọ̀kan jẹ́wọ́ tán, ọ̀kan tún jẹ́wọ́, títí ó fi yí gbogbo wọn ká. Àwọn kan ti ń lọ sórí òkun ṣáájú kí wọ́n tó fẹ́yàwó, wọ́n ti bímọ, ọmọ ti ń lọ sílé-ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè lúwẹ̀ẹ́ dé ibi tí pákó wà. Wọ́n yíjú sí Kápútéènì. Kápútéènì ń wo òkèèrè gan-an, bí ẹni tó ń wá àwọsánmà.

“Kápútéènì ńkọ́?” Rosaline béèrè.

“Ẹ fún mi ní tèmi,” ni ohun tí Kápútéènì sọ.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ̀rá, wọ́n ń wọ̀ ọ́, ọwọ́ wọn ń kọsẹ̀ lára okùn nítorí pé kò sẹ́ni tó so ó rí. Rosaline ń lọ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, ó ń so ó fún wọn lábẹ́ àgbọ̀n, ó ń fà á le, ó ń ní, “Gbé orí sókè.” Wọ́n ń gbé orí sókè. Kápútéènì náà gbé orí sókè.

Nígbà tó kan ọmọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Ó ti sú mi láti máa jókòó sílé, Mummy,” Ìrètíolúwa ní. “Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò parọ́. Àmọ́ mo fẹ́ lọ.”

Rosaline ì bá lè sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ nínú. Ó dùn ún dé egungun pé ọmọ náà ń lọ, ó sì tún ń yangàn nítorí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì mọ èwo ni kó kọ́kọ́ gbé. Ó so okùn náà, ó tú u, ó tún un so.

“Tí wọ́n bá bọ́ tiwọn, ìwọ má bọ́ tìẹ,” ó ní.

Wọ́n fi omi ṣan ọkọ̀ tán, àwọn obìnrin méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tú okùn, ẹ́ńjìnnì sì húkọ́. Ọkọ̀ náà yí imú padà díẹ̀díẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà òkun. Rosaline dúró sí etí èbúté, orí rẹ̀ ṣófo, òróró ń kán lára ìró rẹ̀. Ó ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín wọn, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ti ń jìnnà, kò rí ju àwọ̀ ọsàn lọ. Gbogbo wọn dọ́gba. Ẹni tó ga àti ẹni tó kúrú, ọ̀gá àti alásè, àwọ̀ kan náà ni.

Lójijì, ó rí ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n, tó ń gbé apá sókè. Ẹni náà ń bọ́ tirẹ̀.

“Ṣé Ìrètí nìyẹn?” Ẹ̀bùnlọlá béèrè.

Rosaline fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó wò ó títí. Kò lè mọ̀. Ó lè jẹ́ Ìrètí. Ó lè jẹ́ Dammy, ó sì lè jẹ́ èyíkéyìí nínú wọn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu bíi fèrè, ó sì fi gbogbo èémí tó kù nínú rẹ̀ kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́dẹ ẹnu géètì fi dìde lórí àga.

“Wọ̀ ọ́ padà! Ọmọ mi, mo ní kó o wọ̀ ọ́ padà!”

Ọkọ̀ ń lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, gbogbo wọn yíjú sí èbúté lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni náà dúró díẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì tún ẹ̀wù náà wọ̀.